Ta Ló Ń Ṣe Májèlé Inú Kànrìnkàn Òkun?

Ẹ wo nǹkan tó lẹ̀ mọ́ àpáta yìí nísàlẹ̀ òkun ní ilẹ̀ Japan. Ẹranko ni o. Kò lójú, kò léyín, kò sì lè sá. Kànrìnkàn òkun ni. Theonella swinhoei lorúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Omi ló ń fà wọ inú ihò wẹẹrẹ ara rẹ̀, á sẹ́ oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀, á sì tú omi náà jáde.

Kí ló wá dé tí ẹja ò tíì jẹ ẹ́ tán? Májèlé ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń fura pé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, torí bakitéríà, àwọn ohun alààyè tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí, kún inú kànrìnkàn fọ́fọ́. Nínú àwọn kànrìnkàn kan, wọ́n lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ní 2014, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jörn Piel, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹni tí wọ́n ń wá. Bakitéríà kan wà tó gùn bí okùn, Entotheonella lorúkọ rẹ̀. Wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá kan lè ṣe, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo májèlé Theonella yẹn ti ń wá.

Èyí tó wú mi lórí jù wà lára kànrìnkàn míì ní Japan, Discodermia calyx. Entotheonella ló ń ṣe májèlé calyculin fún òun náà. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó le bó ṣe yẹ kó le. Ó máa ń so èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì mọ́ ọn kí agbára rẹ̀ lè rọ̀, kó má baà pa onílé. Bí nǹkan bá wá já kànrìnkàn náà jẹ, tí ara rẹ̀ ya, ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà ara tó ń mú kí iṣẹ́ yá, á gé fọ́sífétì yẹn kúrò. Lójú ẹsẹ̀ ni májèlé á gbóná!

Àwa èèyàn náà nílò irú májèlé wọ̀nyí. Halichondrin B, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú kànrìnkàn Japan, ni wọ́n wò ṣe eribulin, oògùn jẹjẹrẹ ọyàn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2010. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó odindi tọ́ọ̀nù kan kànrìnkàn ní New Zealand, nǹkan bíi 300 mílígíráàmù halichondrin B péré ni wọ́n rí fà jáde. A ò lè máa hú òkun báyẹn. Ìdí nìyẹn tí wíwá bakitéríà tó ń ṣe májèlé kọ̀ọ̀kan fi ṣe pàtàkì: ohun tí àwọn olùwádìí ń lépa ni kí wọ́n gbé jíìnì rẹ̀ sínú bakitéríà míì tó rọrùn láti sìn, kí kànrìnkàn sì wà lórí àpáta rẹ̀.