Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀pẹ Kọ́kọ́ Fọhùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó bá bá àwọn tó ń ta ayò nídìí ọpọ́n á kí wọn pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ó dùn nídìí ayò, torí àpárá ni, ọ̀pẹ òwúrọ̀ sì lè di ọ̀ta kílẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbá géèmù orí kọ̀ǹpútà ti mú àṣà yẹn dé ibi tí kò yẹ ẹ́. Ẹnìkan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, géèmù wo ni kí n gbá?" Kó tó pa ẹnu dé, àwa ọ̀ta ti ń dárúkọ lọ ràì. Kò sẹ́ni tó bi ọ̀pẹ léèrè ohunkóhun. Ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Èmi náà ti ṣe é rí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù, ó ní kí n júwe géèmù kan fún òun. Dark Souls ni mo dárúkọ lójú ẹsẹ̀, torí láti ọdún 2011 tó ti jáde, mi ò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn tó o. Mo jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Inú ẹ̀wọ̀n ni géèmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Èèkù idà tó ti kán ló máa wà lọ́wọ́ yín, àǹjọ̀nú ràgàjì kan á sì já lulẹ̀ látòkè pẹ̀lú kùmọ̀ tó tó ìtì igi. Ẹni tó ń gbá a ló yẹ kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ìjà kọ́ ló kàn, pé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ lápá òsì tí òun lè bá sá lọ. Adùn ibẹ̀ nìyẹn gan-an. Èmi ni mo pariwo lé e lórí: "Sá! Apá òsì! Ilẹ̀kùn ń bẹ níbẹ̀!" Ó sá, ó bọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rí ilẹ̀kùn, kì í ṣe òun. Kò pẹ́ ni ìyá wa pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá bá òun gbé omi. Dark Souls kò sì ṣe é dá dúró. Bí ẹ bá dìde, ọ̀tá ò ní dúró dè yín. Kó tó padà dé, wọ́n ti pa á. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, eléyìí kì í ṣe tèmi."

Kò sóhun tó ṣe géèmù náà. Ara mi ni mo júwe fún un. Ká ní mo béèrè ni, ìbá ti sọ fún mi pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ lòun ń ti ibi iṣẹ́ dé, pé ohun tó máa fi òun lọ́kàn balẹ̀ lòun ń wá, àti pé ilé tí wọ́n ti lè pe èèyàn nígbàkúùgbà lòun ń gbé.

Látìgbà náà, mi ò jẹ́ dárúkọ géèmù kankan láìjẹ́ pé mo gbọ́ èyí tí ẹni náà gbádùn kẹ́yìn, àti èyí tó pa tì. Ti àpatì yẹn ló máa ń là mí lójú jù, pàápàá ibi tó ti sú u. Ẹni tó ní kíkà ló sú òun, ẹ má fún un ní Disco Elysium, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ bi í léèrè ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú. Baldur's Gate 3 tó jáde lọ́dún 2023 ń gba nǹkan bíi 150 GB. Ẹni tó ní Wi-Fi tí kì í tán ní London kàn máa tẹ bọ́tìnnì, á lọ sùn. Ẹni tó ń fi dátà fóònù wà á jáde ní Ìbàdàn, tí iná sì lè lọ nígbàkúùgbà, owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń san: ti géèmù àti ti dátà. Kí ẹ tó sọ bí ìtàn rẹ̀ ṣe dùn tó, ẹ sọ bó ṣe wúwo tó.

Ó wá ku ohun tó yẹ ká pa mọ́. Outer Wilds, tó jáde lọ́dún 2019, ló kọ́ mi ní èyí. Nínú rẹ̀, ẹ kì í kó ohun ìjà jọ, agbára yín kì í lé sí i. Ohun tí ẹ bá ti mọ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu yín lè ṣí ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ìbá fi ọjọ́ mẹ́ta wá, kò sì ní lè gbàgbé ohun tó ti gbọ́. Bí mo bá ń júwe rẹ̀, mi ò ń sọ ju èyí lọ: "Wọ́n máa fún ẹ ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan. Tí nǹkan kan bá yà ẹ́ lẹ́nu, tẹ̀ lé e."

Ṣùgbọ́n ẹ má torí àṣírí pa ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe mọ́. Nígbà tí Cyberpunk 2077 fẹ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, iná tó ń ṣẹ́ wìrìwìrì níbì kan nínú rẹ̀ mú kí gìrì gbé oníròyìn géèmù kan tó ní wárápá. Àwọn tó ṣe é ní láti fi ìkìlọ̀ sí i, wọ́n sì tún ibẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ò gbọdọ̀ ṣàdédé pàdé ikú ọmọ nínú géèmù tí ẹ ní yóò tù ú nínú. Tí ẹ bá ní láti ba ìyàlẹ́nu kan jẹ́ nítorí ìyẹn, ẹ bà á jẹ́.

Ti "fara dà á, lẹ́yìn wákàtí 20 ló máa dùn" tí àwọn kan máa ń sọ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Bí ẹ bá ti júwe rẹ̀ tán, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Ṣé o ti débẹ̀?" láràárọ̀ ń sọ eré di iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí kò bá bá a lára mu, tó sì jẹ́ pé orí Steam, ìyẹn ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ti rà á, ẹ rán an létí pé ó lè gba owó rẹ̀ padà, tí kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2, tí ọjọ́ tó rà á kò sì tíì ju 14 lọ. Ẹ má sì bínú sí i.

Mo padà lọ bá àbúrò mi, mo sì béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní nǹkan tí òun lè fi sílẹ̀ bí Màmá bá pe òun lòun ń fẹ́. Mo ní kó wo Stardew Valley, tí Eric Barone dá nìkan ṣe, tó jáde lọ́dún 2016. Ọjọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 14, bí ẹ bá sì ṣí àpò ẹrù yín, àkókò á dúró. Géèmù oko ni. Lọ́jọ́ tí mo yọjú sí i, igbó ti kún oko rẹ̀, kò gbin kóró kan. Etí odò ló wà, ẹja ló ń pa, òjò sì ń rọ̀ nínú géèmù náà. Ìyá wa pè é. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó dìde, ó lọ gbé omi, ó padà wá bá òjò náà níbi tó fi í sí. Mi ò sọ nǹkan kan nípa oko.