Lẹ́tà Àwọn Ọ̀gágun Ojú Omi Ayé Nelson: Ohun Tó Yẹ Kéèyàn Yẹ̀ Wò Kó Tó Sanwó

Ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́tà àfọwọ́kọ àwọn ọ̀gágun ojú omi la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn tó ja ogun tí ìyípadà ìjọba Faransé fà, láti 1793 títí dé ìjà Trafalgar ní 1805. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń sáré wò. Ibẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì ti ń dúró dè é. Ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé, oyè, pépà àti yíǹkì wò, bóyá wọ́n bá ọjọ́ yẹn mu.

Ẹ jẹ́ ká fi Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àpẹẹrẹ. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù Keje 1797, ní Santa Cruz ní erékùṣù Tenerife, ọta ìbọn bà á lápá ọ̀tún, lókè ìgúnpá, wọ́n sì gé apá náà nínú ọkọ̀ Theseus. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27, ó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, John Jervis, pé òun ti di ẹrù sáwọn ọ̀rẹ́ òun lọ́rùn, òun ò sì wúlò fún ìlú òun mọ́. Kí apá tó lọ, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ máa ń dà sápá ọ̀tún, ó ń sáré, ó sì ń so mọ́ra. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ nàró, ó tóbi, ó sì le gbagidi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dán mọ́rán. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé lẹ́tà ọwọ́ òsì tó ní ọjọ́ 1796 wá fún yín, ẹ dá a padà fún un.

Oyè náà ní àkókò tirẹ̀. Títí di apá ìparí 1798, “Horatio Nelson” ló ń kọ. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di Báróònù nítorí ìjà ẹnu odò Náílì, ó di “Nelson” lásán. Ní 1799 ọba Naples fi í joyè Bronte ní Sicily, ó wá ń kọ “Bronte Nelson of the Nile”. Láti 1801 títí tó fi kú ní 21 oṣù Kẹwàá 1805, “Nelson & Bronte” ni. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ojú omi àti ẹṣin ló ń gbé ìròyìn nígbà yẹn. Lẹ́tà tó kọ ní Naples níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá 1798, tó ṣì fi “Horatio Nelson” parí, kò lábùkù, torí oyè kò tíì dé etí rẹ̀. Èyí tó jẹ oyè ṣáájú ìròyìn ló yẹ kó kọ yín lóminú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jervis: láti àárín 1797 ni “St Vincent” ti gba ipò orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló jẹ́ pé akọ̀wé ló kọ ọ́, ọ̀gá wulẹ̀ buwọ́ lù ú ni. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tó ti èyí tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní tààrà: ta ló kọ ara lẹ́tà?

Pépà ayé ìgbà yẹn, àkísà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ gbé e síwájú iná, ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra, àti ìlà mìíràn tó dá wọn kọjá, tí ọ̀kan sí èkejì tó nǹkan bíi 25 mm. (Irú tí kò ní ìlà wà náà, Whatman, oníṣẹ́ pépà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe é kó tó di 1760, ẹ má torí ìyẹn ju lẹ́tà nù.) Ibi tí adùn wà ni ọdún tó wà nínú pépà. Ní 1794, òfin kan ní Ìlú Ọba ní kí wọ́n máa dá owó orí padà fún ẹni tó bá kó pépà lọ tà lókè òkun, bí ọdún tí wọ́n ṣe é bá wà nínú rẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ pépà ti ń fi ọdún síbẹ̀. Ọdún inú pépà lè ṣáájú ọjọ́ lẹ́tà, torí èèyàn lè tọ́jú pépà fún ọdún mélòó kan. Bí pépà bá ní 1801, tí lẹ́tà sì ní 1798, ẹ̀rí ti pa ara rẹ̀ nìyẹn.

Kókó tó máa ń hù lára igi óákù àti iyọ̀ irin ni wọ́n fi ń po yíǹkì. Ó máa ń dúdú lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń pọ́n bí ìpẹtà. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: níbi tí ẹnu ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé ti là sí méjì nígbà tí òǹkọ̀wé tẹ̀ ẹ́, etí ìlà méjèèjì dúdú ju àárín lọ. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bákan náà ló dúdú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba orí ìlà kíká kọjá. Ẹ́ńfílóòpù kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n máa ń ká pépà fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ìda pupa lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn. Lórí lẹ́tà gidi, yíǹkì ti gbẹ kí wọ́n tó ká a. Oníjìbìtì tó kọ̀wé sórí pépà àtijọ́ tó ti ká tẹ́lẹ̀, yíǹkì rẹ̀ á ṣàn wọ inú ibi tó ti fọ́ yẹn, á tàn káàkiri bí omi nínú òwú. Kò sí ọgbọ́n tó lè bò ó.

Bí lẹ́tà bá ti ọwọ́ ará Faransé wá, kàlẹ́ńdà tuntun tí ìyípadà ìjọba wọn gbé wá ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò; orúkọ oṣù rẹ̀ kan ni Thermidor. 14 Thermidor ọdún VI ni 1 oṣù Kẹjọ 1798, ọjọ́ tí Brueys, ọ̀gágun tó ṣáájú ọkọ̀ ogun Faransé ní ìjà ẹnu odò Náílì, kú sínú ọkọ̀ L'Orient ní Aboukir. Lẹ́tà Brueys tó bá ní ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún òkú.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ní ọ̀wọ́ ADM 51, lẹ́tà àwọn ọ̀gá ọkọ̀ sì wà ní ADM 1. (Ẹni tó ń tọpa bí Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon, ṣe gba Àjàyí Crowther lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 7 oṣù Kẹrin 1822, inú àkójọ yìí ló máa ń já sí. Leeke ti wọṣẹ́ ọkọ̀ ogun láti 1803.) Ẹ fi ìwé ọkọ̀ wo ibi tí ọkọ̀ wà lọ́jọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: títí di oṣù Kẹwàá 1805, ọ̀sán gangan ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi wákàtí 12 ṣáájú ti ilẹ̀. Ìjà Náílì bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ 1 oṣù Kẹjọ, àmọ́ ìwé ọkọ̀ pè é ní ọjọ́ 2. Àwọn kan ti torí èyí pe lẹ́tà gidi ní ayédèrú.

Tẹ́ ẹ bá ń bi mí, ẹ má fi Nelson bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀gá ọkọ̀ tí kò lókìkí, tó ń ráhùn nípa bíá tó kan àti ìgbòkun tó ya, owó rẹ̀ kéré, oníjìbìtì kì í sì í ṣòpò lórí rẹ̀. Ẹ ra odindi. Láyé Fictoria, àwọn èèyàn máa ń gé ibi tí ìbuwọ́lù wà kúrò láti lẹ̀ ẹ́ mọ́wèé, ohun tó kù níbẹ̀ kò ní ọjọ́, kò ní ọ̀rọ̀. Ẹ sì béèrè ọwọ́ tó ti kọjá; bí òǹtẹ̀ ilé ìkówèésí kan bá wà lára rẹ̀ tí wọ́n ti há a kúrò, ẹ kúrò níbẹ̀.

Nílé, ọ̀tá àkọ́kọ́ ni sẹ́lótéèpù, èkejì ni láminéètì. Àpò ike polyester ni kẹ́ ẹ fi í sí, kì í ṣe ike PVC, nínú àpótí tí kò ní ásíìdì, níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 35% sí 50%. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá ya, ẹ má fi omi tàbí àtè olómi kankan tún un ṣe: omi máa ń gbé irin inú yíǹkì kúrò níbi tó wà lọ sínú pépà tó mọ́, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ibẹ̀ náà á pọ́n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àpò rẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ gbé e tọ oníṣẹ́ títún ìwé ṣe lọ.