Ẹyin Méje Lórí Fìlà: Bí A Ṣe Ń Hun Ìtàn Àwọn Ará Fínlándì Sínú Wúlù

Ẹ káàbọ̀ o. Kí n tó gbé fìlà yìí kúrò níwájú kámẹ́rà, ẹ wò ó dáadáa. Ẹyin méje ló yí i ká, mẹ́fà jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ìkeje dà bí eérú. Òkè wọn ni ẹyẹ funfun wà, méje lòun náà. Tí mo bá dé e jáde ní Tampere, ìlú tí mo ń gbé ní Fínlándì, àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń ka ẹyin náà lójú, tí ojú wọn bá sì ti bá eléérú yẹn, wọ́n á mi orí sí mi. Wọ́n mọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀.

Òun la ó jọ hun lónìí. Ẹni tó bá ti hun súwẹ́tà ọmọ jòjòló rí, tó mọ níìtì, tó mọ pọ́ọ̀lù, lè bá mi dé òpin. Kò di dandan kí ẹ ti fi òwú aláwọ̀ méjì hun nǹkan rí.

Ìtàn lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, nítorí òun ló máa sọ ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Dókítà ìṣègùn kan, Elias Lönnrot, rin ilẹ̀ Karelia kiri, ó ń kọ orin àtẹnudẹ́nu àwọn àgbà sílẹ̀. Ó tò wọ́n pọ̀ di ìwé Kalevala, tó kọ́kọ́ jáde ní 1835. Ó tún fẹ̀ ẹ́ sí i, ó gbé e jáde ní 1849. Bó ṣe wà nínú ti 1849 nìyí: omi nìkan ló wà. Ilmatar, ọmọbìnrin afẹ́fẹ́, ń léfòó lójú òkun. Ẹyẹ omi kan tí wọ́n ń pè ní sotka ń fò lọ, ń fò bọ̀, kò ríbi kọ́ ìtẹ́ sí. Ilmatar bá yọ orúnkún sókè, ẹyẹ rò pé òkìtì koríko ni, ó bà lé e, ó yé ẹyin wúrà mẹ́fà. Irin ni ìkeje. Ó sàba lé wọn títí orúnkún ọmọ afẹ́fẹ́ fi gbóná bí iná. Ó gbọn ẹsẹ̀, ẹyin já sómi, wọ́n fọ́. Ìsàlẹ̀ èèpo di ilẹ̀, òkè èèpo di ojú ọ̀run. Pupa ẹyin di oòrùn, funfun rẹ̀ di òṣùpá, ibi tó ní tóótòòtó di ìràwọ̀, ibi tó dúdú di ìkuukùu.

Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló sọ ọ́ fún mi. Màmá ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ni wọ́n máa ń pe àgbàlagbà níbẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo gbé híhun ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ ìtàn adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún fún láti kékeré, adìyẹ tó tan yẹ̀pẹ̀ lójú omi títí ilẹ̀ fi fẹ̀ ní Ifẹ̀, kò lè gbọ́ ti sotka kó má dákẹ́ díẹ̀. N kò sọ pé ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Mo kàn mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi lọ sórí ìtàn yìí kó tó lọ sórí òmíràn.

Òmíràn sì wà o. Ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ wà, kahdeksankanta, tó dùn ún hun gan-an nítorí ìlà dídagun ni gbogbo rẹ̀. Hannunvaakuna náà wà, àmì onígun mẹ́rin tí igun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ká róbótó, tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára ilé àti ohun èlò kí ibi má wọlé. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Apple ti rí i lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná, nítorí àmì tó bá rí róbótó báyẹn máa ń le fún ojú híhun, tó jẹ́ igun ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn. Kirjoneule ni wọ́n ń pe irú híhun yìí. Kirjo yẹn, ọnà ni, àwọ̀ oríṣiríṣi. Ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni kirjoittaa ti wá, tó túmọ̀ sí kí èèyàn kọ̀wé. Tiwa náà ńkọ́? A ń kọ ilà, a sì ń kọ̀wé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti òwú. Ẹ má sáré kọjá ibi yìí, ibẹ̀ ni fìlà ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́.

Nílé, gbogbo òwú súwẹ́tà là ń pè ní wúlù. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò kan àgùntàn rárá. Àkírílíìkì ni, ike tí wọ́n fà di òwú. Ó dára fún súwẹ́tà ọmọ tí a ó máa fọ̀ lójoojúmọ́. Fún ọnà aláwọ̀ méjì, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò ó. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ kéékèèké lára, bí ìpẹ́ ẹja, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ìpẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ojú kan di èkejì rẹ̀ mú. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́, gbogbo ojú á wú díẹ̀, wọ́n á sún mọ́ra, ọnà yín á sì mọ́lẹ̀ kedere. Àkírílíìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe hun ún náà ló máa wà, wíwọ́ tàbí títọ́. Òwú kọ́tìnnì kì í nà, á sì máa fa fìlà wọlé láti ẹ̀yìn. Wúlù tí wọ́n kọ sí lára pé ó lè wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n ti pa ìpẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi nǹkan bò ó, nítorí náà ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń nà tó bá tutù. Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀.

Àgùntàn ilẹ̀ Fínlándì fúnra rẹ̀, suomenlammas, ni mo lò fún búlúù, funfun àti wúrà. Irun rẹ̀ rọ̀, ó ń dán, kì í ta èèyàn níwájú orí. Àgùntàn náà lókìkí fún ọmọ bíbí. Mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ìyanu fún un. Ẹyin irin wá láti ara àgùntàn Kainuu, kainuunharmas. Dúdú ni wọ́n ń bí i, bó ṣe ń dàgbà ni irun rẹ̀ ń di eérú. Ẹnikẹ́ni kò rẹ òwú yìí láró, bí àgùntàn ṣe gbé e wá nìyẹn. Tí ẹ kò bá rí èyí, òwú kan wà tó kún ibi gbogbo ní Fínlándì, 7 Veljestä, ìyẹn Arákùnrin Méje. Wúlù kó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kó 25. Náílọ́ọ̀nù yẹn ń jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ pẹ́; orí kì í rìn nílẹ̀, nítorí náà wúlù pọ́ńbélé ló wù mí fún fìlà.

Kí ẹ tó rà á, ẹ kó òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí fóònù yín. Ẹ wo tèmi. Búlúù ti di dúdú kirikiri, wúrà àti funfun mọ́lẹ̀. Eérú àkọ́kọ́ tí mo mú rèé. Ẹ rí i pé ó wọ inú búlúù lọ? Ìdí nìyẹn tí mo fi pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Àwọ̀ tó yàtọ̀ lójú lè jẹ́ ọ̀kan náà nínú fọ́tò, fọ́tò yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun kan ṣì kù lórí òwú. Ẹ fi omi rin aṣọ funfun, ẹ fi di òwú búlúù mú ṣinṣin, kí ẹ fún un. Tí aṣọ bá gba àwọ̀, ẹ fọ òwú yẹn lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Fìlà mi àkọ́kọ́, n kò ṣe èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi hun ún, ìgbà àkọ́kọ́ tó dé inú omi ni ẹyẹ funfun méje di aláró. Ó dùn mí gan-an.

Ìwọ̀n wa: ojú 22 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ hun ìdánwò, kí ẹ sì hun ún ní yíyípo, pẹ̀lú àwọ̀ méjì. Híhun pẹlẹbẹ kì í sọ òtítọ́ fún yín nípa híhun yíyípo. Èmi lo píìnì olókùn nọ́ńbà 3.5 fún etí, mo sì bọ́ sí nọ́ńbà 4 fún ọnà, nítorí ọnà máa ń fún ju níìtì lásán lọ.

Ẹ dá ojú 112 pẹ̀lú búlúù. Ẹ so ó pọ̀, kí ẹ rí i pé kò lọ́. Ẹ fi àmì síbi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀. Níìtì méjì, pọ́ọ̀lù méjì, títí yóò fi pé sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ pààrọ̀ píìnì, ẹ hun ìyípo méjì ní níìtì lásán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 112? Ẹyin méje, ojú 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àmì sí ẹ̀yìn gbogbo ojú 16, ẹ ó tètè rí àṣìṣe.

Wúrà wọlé. Ẹ wo ọwọ́ mi. Búlúù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wúrà wà lọ́wọ́ òsì, n kò sì ní pààrọ̀ wọn títí ọnà yìí yóò fi tán. Òwú tó ń gba ìsàlẹ̀ kọjá lẹ́yìn, ìyẹn ti ọwọ́ òsì, ojú rẹ̀ máa ń tóbi díẹ̀, ó ń yọ síta ju èkejì lọ. Ẹyin la fẹ́ kó yọ. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọwọ́ láàárín, ẹyin kan á yọ, òmíràn á rì, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ìyípo kìn-ín-ní: búlúù 1, wúrà 3, búlúù 5, wúrà 3, búlúù 4. Ẹ tún un ṣe nígbà méje. Ìyípo kejì, kẹta àti kẹrin: wúrà 5, búlúù 5, wúrà 1, búlúù 5. Ìyípo karùn-ún àti kẹfà, ẹ padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹyin ti jáde nìyẹn, ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ni nǹkan kékeré tó wà láàárín ẹyin méjì yẹn. Láìsí i, ojú 11 ni wúrà ì bá fò kọjá lẹ́yìn, òwú gígùn bẹ́ẹ̀ á máa kọ́ ìka, á máa fa ọnà pọ̀. Mo bá dá a dúró lójú karùn-ún. Mo fẹ́ kó jọ ìgbì omi nígbà tí mo yà á, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: orí fẹ̀, àárín tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí fẹ̀. Gángan ni. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ti dé ibi tí àwọ̀ ti yí, ẹ na ojú tó wà lórí píìnì ọ̀tún kí ó tẹ́ kí ẹ tó fa òwú tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí: òwú tó gba ibẹ̀ kọjá sùn jẹ́ẹ́, kò le, kò sì dẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá máa ń fún, kó yí fìlà náà síta sínú, kó máa hun ún bẹ́ẹ̀. Òwú ẹ̀yìn á gba ìta yípo, á sì gùn tó.

Gbogbo ẹyin méjèèje la fi wúrà hun o. Ti irin ń bọ̀.

Ìyípo mẹ́ta ní búlúù lásán, ẹ gé wúrà, ẹ mú funfun. Ẹyẹ gba ojú 11, àlàfo 5. Àwòrán rẹ̀ ti wà lójú yín báyìí, ẹ dá fídíò dúró kí ẹ fi yà á sórí ìwé gíráàfù. Níbi tí ara ẹyẹ ti fẹ̀, mo fi ojú búlúù kan ṣe ìyẹ́ láàárín kí búlúù náà lè rí ibi sinmi. Ọrùn ló máa ń ni èèyàn lára. Funfun méjì péré ló wà níbẹ̀, ojú 14 ló sì kù tí funfun gbọ́dọ̀ fò. Mo rò ó títí. Ìgbà tí mo padà sínú ìtàn ni mo rántí èèpo tóótòòtó tó di ìràwọ̀. Nítorí náà: funfun 2, búlúù 4, funfun 1, búlúù 4, funfun 1, búlúù 4. Ìràwọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kọ̀ọ̀kan. Tí òwú bá ń gùn jù lẹ́yìn, ẹ padà sínú ìtàn tí ẹ ń hun, kí ẹ wo ohun tí ẹ gbàgbé níbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹyẹ, ẹ máa fi búlúù lọ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18. Ẹ wá dín in kù: ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ hun 14, kí ẹ hun méjì tó kù pọ̀. Ìyípo kan lásán. Lẹ́yìn náà hun 13, méjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ku ojú 8 ní apá kan, ẹ máa dín in ní gbogbo ìyípo. Tó bá ku 14 lápapọ̀, ẹ gé òwú, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á gba inú gbogbo wọn, kí ẹ so ó.

Ẹyin irin wá kàn. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu mímú, ẹ ki òwú eérú bọ̀ ọ́. Ẹyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ láti ìdí ojú kan, ẹ gbà á yí ẹsẹ̀ méjèèjì ojú tó wà lókè rẹ̀, ẹ padà síbi tí ẹ ti yọ. Ojú kọ̀ọ̀kan báyẹn títí eérú yóò fi bo wúrà pátápátá. Ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo máa ń fi ìṣísẹ̀ kékeré sílẹ̀ níbi tí ìlà kò ti pàdé dáadáa. Eérú yìí á bo ìyẹn náà.

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fún un. Ẹ ká a sínú táwẹ̀lì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èmi ní igbá kan tí mo gbé wá láti ilé, ó tó orí èèyàn gẹ́lẹ́, orí rẹ̀ ni mo ń dé fìlà sí kó gbẹ. Ẹ fi ìka to ẹyin àti ẹyẹ bó ṣe yẹ kí wọ́n dúró nígbà tó ṣì tutù. Ní Tampere lásìkò òtútù, ó máa ń gbà mí tó ọjọ́ méjì. Ẹ wò ó báyìí tí mo ṣí i kúrò: ìlà ti tẹ́, gángan dúró ṣánṣán, ẹyin irin wà ní ọ̀gangan ìpàkọ́.