Ṣé Dandan Ni Kí Iṣẹ́ Wu Èèyàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá sọ ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íbàdàn nìyí. Àwọn òbí tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ àwàdà díẹ̀ kúrò, mo sì fi ohun tí mo gbàgbé láti sọ lọ́jọ́ náà kún un.

Ẹ káàsán o. Wọ́n ti sọ fún yín pé télọ̀ ni mí. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun.

Kí n tó gba máìkì, ọmọbìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìyá òun fẹ́ kí òun lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kíkun ojú ìyàwó àti wíwé gèlè ló wu òun. Ó ní, "Mà, ṣé ó dáa kéèyàn máa ṣe iṣẹ́ tí kò wù ú títí ayé?" Mi ò dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Ẹ fetí sí bí a ṣe ń gbàdúrà fún ọmọ tó ń wáṣẹ́. A ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ àṣelà. A ní kó má ṣiṣẹ́ àṣedànù. Èmi ò tíì gbọ́ kí ìyá kan kúnlẹ̀ kó ní kí Ọlọ́run fún ọmọ òun ní iṣẹ́ tí yóò máa dùn mọ́ ọn lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa ò mọ adùn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ni, wọ́n mọ ìgbà tí adùn máa ń dé.

Láyé àwọn baba wa, inú agbo ilé ni iṣẹ́ ti ń wá bá ọmọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ìlù ni. Tí ẹ bá gbọ́ Ọnà, ilé oníṣẹ́ ọnà ni. Ọdẹ ò ṣòro mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi Àyántúndé pé ṣé ìlù wù ú. Síbẹ̀, ẹ wo onígángan nílé ìnáwó: òógùn bo ojú rẹ̀, ó di ojú, ó ń fi ìlù ki ẹni tí kò tíì fún un ní kọ́bọ̀. Ta ló máa sọ pé onítọ̀hún ò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀? Iṣẹ́ ló ṣáájú, ìfẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ká má sì parọ́ mọ́ wọn, wọ́n mọ̀ pé aṣọ kan kì í ba gbogbo ara mu. Ifá lè sọ nígbà àkọsẹ̀jayé pé ọmọ yìí ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀, bàbá náà á sì gbà.

Èmi o, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ìṣirò dá mi dúró ní WAEC lẹ́ẹ̀mejì, màmá mi ní òun ò ní í máa wò mí nílé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan aṣọ. Mò ń gbálẹ̀, mò ń pọnmi, mò ń fi irin òòfà ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi wá ní kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ, bébà àpò sìmẹ́ǹtì ló gbé fún mi. Kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́. Ó fi bírò fa ìlà sórí bébà náà, èyí tó tọ́ àtèyí tó wọ́, ó ní kí n máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ kí ihò abẹ́rẹ́ máa tẹ̀ lé ìlà. Tí mo bá ṣe tán, á gbé bébà náà sókè síbi oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú àwọn ihò yẹn yọ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì rí ibi tí mo ti ṣìnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gún bébà. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé alaalẹ́ ni mò ń sọ fún màmá mi pé mi ò lọ mọ́.

Apá aṣọ ló yí i padà, lọ́dún kẹta. Ẹni tó bá ti rán gáùn rí mọ̀ pé ibi apá ni wọ́n ti ń mọ télọ̀. Orí apá máa ń gùn díẹ̀ ju ihò tí a fẹ́ fi í sí lọ. Ọgbọ́n ọwọ́ lèèyàn fi ń tì í wọlé, tí kò fi ní hunjọ. Lọ́jọ́ kan, mo fi apá sí gáùn áńkárá oníbàárà kan, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú dígí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún màmá mi pé mi ò lọ mọ́.

Nítorí náà, tí ọmọ iṣẹ́ bá wá bá mi lóṣù kejì pé iṣẹ́ yìí ò sí lọ́kàn òun, n kì í bá a jà, n kì í sì í gbà á gbọ́. Mo máa ń bi í pé: kí lo ti mọ̀ ọ́n ṣe nínú ẹ̀? Ohun téèyàn ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa dùn?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Mà, Fela ńkọ́?" Gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí òbí rẹ̀ lẹ́nu ló mọ ìtàn yìí. Lọ́dún 1958 ni wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, orin ló lọ kọ́ ní Trinity College of Music. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olikoye àti àbúrò rẹ̀ Beko ló ṣe dókítà fún ilé náà. Ohun tí ẹ kì í fi kún un ni pé orin ti wà nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí Fela. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti kọ orin ìyìn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ọmọ náà sì lọ jókòó níwájú olùkọ́ kó tó jó.

Ti Hubert Ogunde náà wà níbẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà, ọlọ́pàá ló sì jẹ́ lọ́dún 1944 tó gbé eré àkọ́kọ́ jáde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Glover Hall l'Ékòó. Lẹ́yìn tó rí i pé èèyàn ń wá wò ó ló tó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ fi wọn odò.

Ṣùgbọ́n Amos Tutuola lèmi fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé òun náà kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ yẹn ló sì ṣe fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, iṣẹ́ tán. Ó wá di méséńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó, ó sì ń kọ ìtàn. Lọ́dún 1952 tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn òyìnbó ń pariwo orúkọ rẹ̀, kò torí ẹ̀ pa iṣẹ́ oṣù tì. Ó tún lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, ó ń ṣọ́ sítọ̀. Iṣẹ́ oṣù ń bọ́ ọ, ìtàn ń mú inú rẹ̀ dùn, kò sì ní kí ọ̀kan wá ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ di gbogbo ẹrù lé lórí. Kó bọ́ yín, kó máa pa yín lẹ́rìn-ín, kó sọ yín di gbajúmọ̀, kó sì rẹwà nínú fọ́tò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gan-an, tí ẹ bá di ẹrù tó bẹ́ẹ̀ lé e, á jókòó sílẹ̀ ni.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni kú sídìí ohun tí kò bá a mu o. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dáa, àmọ́ inú rẹ̀ kì í dùn àfi tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Kíá ló ti máa dojú ẹ̀rọ dé, á tú u palẹ̀, òróró á ta sára aṣọ oníbàárà. Aṣọ ẹni mẹ́ta ló bàjẹ́ kí ojú mi tó là. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Òun ló ń tún tèmi ṣe báyìí, kì í sì í dín kọ́bọ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó rán ọmọ yẹn níṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀ nìyẹn, èmi ni mi ò tètè wò ó.

Ẹni tí kíkun ojú bá wù, kó má lọ wò ó lọ́sàn-án Sátidé nígbà tí ìyàwó bá ń dán. Kó bá wọn gbé àpótí láago mẹ́rin òwúrọ̀, kó dúró nígbà tí ìyàwó bá ń sunkún tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kó tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí fóònù ò dún. Bákan náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: òru ni kó lọ wò ó.

Nígbà tó kan ìbéèrè, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn nawọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló tún fẹ́ sọ. Ó ní, "Mà, kí lẹ kórìíra jù nínú iṣẹ́ yín títí dòní?"

Mo ní, "Gbígba owó tó kù lọ́wọ́ oníbàárà."

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Àwọn télọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún nawọ́: "Ta ni mo lè bi ti nọ́ọ̀sì?"

Ìyá kan ní ìlà kejì yíjú padà wò ó. Ó ní, "Wá bá mi tí a bá ṣe tán. Àmọ́ má mú màmá ẹ dání."