Ṣílè Mẹ́wàá àti Sísì

Ẹ kú ìjókòó o. Alága fún mi ní ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìkíni mi nìkan máa ń gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: olórí tó bá máa sọ òótọ́ tó korò fún ará ìlú, kí ó sọ ọ́ kí ìnira tó dé, kí ó sì dá iye lé e. Àwọn tó ń bá mi jiyàn ní olóṣèlú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á fìdí rẹmi. Wọn ò parọ́. Ó fìdí rẹmi lóòótọ́.

Ní oṣù Keje 1952, Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Gbogbo wa la mọ orin ìyẹn. Èyí tí a kì í fi kọrin ni ibi tí owó ti wá. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ò ní kòkó nìkan ló máa gbé e. Wọ́n ní ẹ̀yin tó ń san owó-orí, ẹ óò fi ṣílè 10 àti sísì, ìyẹn pẹ́nsì mẹ́fà, kún un. Ọmọ kankan ò tíì fìdí kan bẹ́ǹṣì ọ̀fẹ́ nígbà náà o! Kí àgbẹ̀ sanwó ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí, kí wọ́n tún gba ọmọ tó ń bá a roko lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú gbóná, àwọn Alákùkọ, ìyẹn ẹgbẹ́ NCNC tó ń ta kò wọ́n, ò sì jẹ́ kó tutù. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC kó ju ìdajì ìjókòó Ìwọ̀-Oòrùn lọ. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group ti Awólọ́wọ̀, fìdí rẹmi nílé ara wọn.

Mo ń rí ẹ̀yin ọmọ Mábọlájẹ́, ẹgbẹ́ Adélabú tó bá NCNC ṣe, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ máa rín in. Ilé-ẹ̀kọ́ ta lẹ lọ?

Ọlọ́pẹ ò jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. Ní 17 oṣù Kìíní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Àwọn ọmọ tó jẹ́ nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú ti lé ní 800,000. Ní 1956, Ọlọ́pẹ wọlé padà.

Ẹ wá wo 1 oṣù Kìíní 2012. Ọdún tuntun la jí sí, jálá epo bẹntiróòlù kan ti kúrò ní náírà 65, ó di 141, kí ìyanṣẹ́lódì tó fà á wá sí 97. Ní 2023, àwọn olùdíje ńlá sọ pé àwọn máa yọ owó ìrànwọ́ epo. Ta ló gbọ́ iye tí jálá kan máa dà nínú yín?

Ibi tí mo dé nìyí tí ìyá kan tó ń ta gààrí fi dìde. Ó ní: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n sọ fún wa ní 2012 pé owó tí wọ́n bá yọ lórí epo, àwọn máa fi ra bọ́ọ̀sì, àwọn máa fi ṣọ̀nà. A gbọ́. Bí ẹ bá ní kí n san sísì tèmi lónìí, ọwọ́ ta ni kí n ti gba rìsíìtì?”

Ojú ewé mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ mi. Mo ká wọn kò.

Mo ní, màmá, ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni rìsíìtì 1955. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó yé mi pé ìdajì òótọ́ ni mo sọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ọdún yẹn ò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá. Kí ọdún 1960 sì tó dé, ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà ti ń rìn kiri ìgboro láìríṣẹ́, wọn ò sì fẹ́ padà sóko. Wọ́n dárúkọ iye owó fún àgbẹ̀. Mi ò rántí ẹni tó sọ ìyókù fún un, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ṣílè yìí yangàn.

Alága ń fi aago hàn mí. Gbèsè ìlú, owó ìfẹ̀yìntì, iná mànàmáná: mo sáré dárúkọ wọn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ìyá yẹn ṣì wà lórí ìdúró. Ó ní òun ò tíì gbọ́ orúkọ ẹni tó ń kọ rìsíìtì.