Ilé Kan Ṣoṣo Láàárín Oko: Ìgbé Ayé Ìgboro àti ti Oko Láàárín Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan wò, ìyẹn ni “oko”. Nígbà tí Yorùbá bá ní òun ń lọ sóko, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ní ilé sí ìlú, pé agbo ilé tí wọ́n bí òun sí wà níbẹ̀, àti pé bó pẹ́ bó yá òun yóò padà síbẹ̀, ìbáà jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí nígbà ọdún. Ahéré ló wà lóko. Ìlú ni ilé wà. Àgbẹ̀ Ìbàdàn ayé àtijọ́, ará ìlú ni, ẹnu kò sì kọ ìyẹn. Ẹni tó bá gbé èrò yìí dé Amẹ́ríkà yóò ṣi àwọn ará ibẹ̀ lóye, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn, àárín oko gan-an ni ilé àgbẹ̀ wà, òun nìkan ló dá dúró, kò sì sí agbo ilé kankan nílùú tí onítọ̀hún ń padà sí. Ohun tí mo ní í sọ kò ju èyí lọ: bí ilé àgbẹ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì ló fa púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oko àti ìgboro ní ilẹ̀ náà.

Jíjìnnà yìí kò ṣèèṣì wáyé, òfin ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1785, kí wọ́n tilẹ̀ tó ní ààrẹ, àwọn aṣòfin wọn pàṣẹ pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ tó wà ní ìkọjá odò Ohio ní onígun mẹ́rin mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì mẹ́fà níbùú, máìlì mẹ́fà lóròó, kí wọ́n sì tún gé e sí ọ̀nà 36, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ éékà 640. Àwọn awọnlẹ̀ fa ìlà náà gbọọrọ. Ó gba orí òkè, ó gba inú irà, kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ náà ní àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ o, ogun àti àdéhùn tí wọn kò mú ṣẹ ni wọ́n sì fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fi éékà 160 ta olórí ìdílé lọ́rẹ, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kó kọ́ ilé sórí ilẹ̀ náà gan-an, kó dáko níbẹ̀, kó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Éékà 160 jẹ́ ìdajì máìlì níbùú, ìdajì máìlì lóròó. Bí ẹni mẹ́rin bá pín máìlì kan mọ́wọ́ láìṣẹ́ku, tí olúkúlùkù sì kọ́lé sí àárín ilẹ̀ rẹ̀, ohùn kò lè dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé àárín ìlú kó máa lọ sóko láràárọ̀ bíi tiwa, ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Yorùbá ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí Joseph Glidden gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Illinois lọ́dún 1874 ló wá fi ìdí ààlà tiwọn múlẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nebraska àti ti Dakota, níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n, ilẹ̀ tí koríko ti ta gbòǹgbò sí ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù láti fi mọlé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1888, ìjì òjò dídì kan já lu pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn òwúrọ̀ tó mú ooru díẹ̀ dání. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ni wọ́n bá lójú ọ̀nà tí wọ́n ti gan pa, nítorí pé láàárín ilé ìwé àti ilé baba wọn, kò sí ilé mìíràn tí wọ́n lè sá wọ̀.

Bí a bá wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ jà fún láti ìgbà náà wá, a ó rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti dín jíjìnnà yìí kù. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Grange, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1867, tó gba obìnrin wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣe pàtàkì nítorí ìpàdé àti oúnjẹ àjùmọ̀jẹ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ṣe pàtàkì nítorí ọ̀rọ̀ ọjà. Kó tó di ọdún 1896, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gba lẹ́tà rẹ̀ yóò di ẹṣin ní gàárì ni, yóò lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ nílùú. Ọdún náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà lọ bá wọn lóko, láti West Virginia. Nígbà tó di 1913 tí ẹrù náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá lẹ́tà lọ, inú àwọn onísọ́ọ̀bù ìlú kéékèèké kò dùn rárá, nítorí pé ìwé ńlá tí àwọn oníṣòwò Chicago ń ya àwòrán ọjà wọn sí, láti orí abẹ́rẹ́ títí dórí ilé odindi tí a óò tò pọ̀, ti wà ní yàrá àgbẹ̀. Nígbà tí ìwé ọdún tuntun bá sì dé, ti ọdún tó kọjá a di ìwé ilé ìgbẹ́. Àwọn fúnra wọn kì í fi èyí pamọ́.

Ti tẹlifóònù ló dùn mọ́ mi jù. Níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kò ti fẹ́ na wáyà dé nítorí pé èrè ibẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn àgbẹ̀ kan ra ẹ̀rọ fúnra wọn, wọ́n sì so ó mọ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó yí oko wọn ká. Wáyà tó pa ààlà láàárín ẹni méjì ló wá ń gbé ohùn wọn lọ sọ́dọ̀ ara wọn. Bí òjò bá rọ̀, tí òpó onígi rin gbingbin, ohùn a lọ sílẹ̀. Ìdílé mẹ́jọ, mẹ́wàá, lè wà lórí wáyà kan ṣoṣo: gígùn méjì pẹ̀lú kúkúrú kan lè jẹ́ ìró aago ilé yìí, kúkúrú mẹ́ta ti ilé kejì, ṣùgbọ́n ilé gbogbo ni aago ti ń dún. Ọmọlúwàbí ni kí ẹni tí wọn kò pè má gbé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà òtútù, tí aago yóò dún lórí ògiri, tí kò ní yọ́ ọ gbé?

Iná mànàmáná pẹ́ kó tó dé. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nǹkan bí ilé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní iná nígboro, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ni lóko. Jíjìnnà náà ló tún fà á: òpó púpọ̀, oníbàárà díẹ̀. Lọ́dún 1935 Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa yá wọn lówó, àwọn àgbẹ̀ sì kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n na wáyà náà fúnra wọn. Kí iná tó dé, obìnrin tó fẹ́ fọṣọ ní Mọ́ńdè yóò fa omi, yóò gbé e wọlé, yóò dáná igi, yóò se aṣọ, yóò bó o lórí pákó, yóò fún un. Ní Túsìdeè yóò ki áyọ́ọ̀nù bọ iná kó tó lọ̀ ọ́. Ìyá ọ̀pọ̀ nínú wa mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n ìyá wa ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ létí kànga.

Ẹ má rò pé ìgboro wọn dá wà ní tirẹ̀ o. Oko ló bí i. Lọ́dún 1840, àwọn tó ń gbé Chicago kò tó 5,000. Nígbà tó di 1890 wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Nínú ọdún 1848 nìkan ni odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tó so adágún Michigan mọ́ odò Illinois, parí, tí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ọkà sì dá ẹgbẹ́ ọjà wọn sílẹ̀. Kó tó di ìgbà yìí, inú àpò ni àlìkámà àgbẹ̀ ń wà láti oko dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á, orúkọ rẹ̀ sì ń bá a lọ. Àká gíga ẹlẹ́rọ ló yí i padà, torí kò lè gbé àpò, títú ni wọ́n ń tú ọkà sínú rẹ̀. Wọ́n wá ń pín àlìkámà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bó ti dára tó, wọ́n ń da ti ẹni ọgọ́rùn-ún pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń fún ẹni tó gbé e wá ní ìwé pélébé. Ìwé náà di ohun títà. Láìpẹ́, ẹni tí kò ní oko, tí kò tilẹ̀ mọ ewé àlìkámà yàtọ̀ sí koríko, ń ta àlìkámà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn. Àgbẹ̀ tó ṣíwọ́ iṣẹ́ láàárín oko rẹ̀ ní Iowa kò mọ ẹni tó dá iye lé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ìgboro ló wà.

Ìbínú yìí ni William Jennings Bryan, olóṣèlú kan láti Nebraska, gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Chicago fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1896. Ó ní bí wọ́n bá sun àwọn ìlú ńlá, tí wọ́n fi oko sílẹ̀, ìlú yóò tún hù bí ẹni pé idán ló gbé e dìde, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ba oko jẹ́, koríko yóò hù ní ìgboro gbogbo ìlú ilẹ̀ náà. Ó díje fún ipò ààrẹ lọ́dún náà, ó sì pàdánù ìbò. Ṣáájú rẹ̀, Thomas Jefferson, tó di ààrẹ kẹta wọn, ti kọ ọ́ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ ni àyànfẹ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a kà pẹ̀lú ìrántí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ ní Monticello, ẹrú ni wọ́n, àti pé àwọn tó kó ní ẹrú láyé rẹ̀ lé ní 600.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀rọ̀ oko kò rí bákan náà fún. Lẹ́yìn òmìnira, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbin òwú ní gúúsù. Kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n níhìn-ín, níbi tí iṣu díẹ̀ tàbí àgbè ẹmu ti lè tẹ́ onílẹ̀ lọ́rùn. Ìdajì irè oko ni ó sábà máa ń jẹ́, onílẹ̀ náà ló sì ń tà wọ́n ní oúnjẹ, irúgbìn àti aṣọ láwìn. Lópin ọdún, yóò ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, yóò ka iye òwú, yóò yọ gbèsè. Ìwé náà, òun nìkan ló ń kọ ọ́. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lè fi ẹ̀mí dí i. Láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn wọ ọkọ̀ lọ sí Chicago, Detroit, New York àti ìlú mìíràn. Ẹni tó kúrò ní Mississippi sábà máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin Illinois Central tó lọ tààrà sí Chicago. Àwọn yìí kò sá fún ìdánìkanwà. Ojú tó ń ṣọ́ wọn ni wọ́n sá fún. Ó yà mí lẹ́nu pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, àwọn kan láti Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama, ti wà ní Tógò, níbi tí ìjọba Jámánì gbà wọ́n láti wá kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní gbígbin òwú yìí kan náà.

Ẹ̀rọ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lẹ́yìn. Lọ́dún 1944, nítòsí Clarksdale ní Mississippi, wọ́n gbin òwú kan, wọ́n sì kórè rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Ní 1920, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí 925,000, ìyẹn ẹnì kan nínú méje gbogbo àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ìkànìyàn àgbẹ̀ ti ọdún 2022, wọn kò tó 50,000.

Ọdún 1920 yẹn náà ni ìkànìyàn kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn ará ìlú ti ju ìdajì lọ. Ẹ fura sí i díẹ̀, nítorí pé nígbà náà, ibi tó bá ti ní ènìyàn 2,500 ni wọ́n ń pè ní ìlú. Èyí tó tún ṣe mí ní kàyéfì ni pé nígbà tí wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n gbé ilé oko dání. Lọ́dún 1947, lórí oko ọ̀dùnkún ní Long Island, William Levitt bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún, ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀, koríko yí i ká. Ìwé àdéhùn ilé náà ní àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni kí wọ́n gbà síbẹ̀. Irú etí ìlú bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé lónìí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé koríko tí ẹran kankan kò jẹ.

Ní oko fúnra rẹ̀, ilé náà ti tún jìnnà síra sí i. Ní 1935 oko mílíọ̀nù 6.8 ló wà. Ní 2022 ó ku mílíọ̀nù 1.9, oko kọ̀ọ̀kan jẹ́ éékà 463 ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ orí àgbẹ̀ sì jẹ́ ọdún 58. Ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sínú ẹ̀rọ ìkórè tí sátẹ́láìtì ń tọ́ sọ́nà, kó kó àgbàdo ibi tí ìdílé mẹ́ta ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Bí oko bá ra oko, ilé tó wà níbẹ̀ a ṣófo, ilé ìwé a pa pọ̀ mọ́ òmíràn, ilé ìwòsàn a tì. Ẹran tí wọ́n ń pa ní Chicago títí wọ́n fi ti ọjà rẹ̀ ní 1971 ti lọ sí ìlú kéékèèké bíi Garden City ní Kansas, níbi tí àwọn ará Sòmálíà àti Mẹ́síkò ti ń gé e. Nínú òṣèlú, oko kò tíì kéré: Wyoming tí kò ní ènìyàn tó 600,000 ní aṣòfin àgbà méjì, California tó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 39 ní méjì.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ sódìkejì ni mo fẹ́ fi hàn yín kí n tó jókòó, nítorí pé ó kàn wá. Lọ́dún 1970, ọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Detroit, tó ti ń bọ òrìṣà ní Harlem ní New York, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò nígboro lọ sí ilẹ̀ kan lábẹ́ igi ní Sheldon, ní South Carolina, ilẹ̀ gúúsù tí mílíọ̀nù mẹ́fà ti sá fi sílẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ ni Ọba Ẹ̀fúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, ibẹ̀ ni wọ́n sì sọ ní Ọ̀yọ́túnjí. Ní 1981 wọ́n ṣe ètò ìwúyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó, wọn kò kọ́lé gẹ́gẹ́ bí òfin 1862 ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́ ààfin, wọ́n kọ́ ojúbọ òrìṣà, wọ́n sì kó ilé wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní àárín igbó, lẹ́bàá ọ̀nà oko.