Èló Ló Yẹ Kó Wà Lọ́wọ́ Tíṣà Kó Tó Wọ Bàálù?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tí tíṣà bí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tíṣà sílé, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín. Bódìjà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má bínú sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa tí ẹ ń gbọ́ yẹn.

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tíṣà lókè òkun, èló ni kí n tọ́jú?" Bí ẹni tó ń béèrè iye kóńgò ìrẹsì kan lọ́jà ni wọ́n ṣe ń béèrè é. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ láìdáhùn. Fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń lọ Ìlú Ọba, tí ilé ìwé tó gbà á síṣẹ́ ò bá a san kọ́bọ̀, ìṣirò tèmi jẹ́ ₦16,400,000.

Ẹ mí kanlẹ̀.

Owó oṣù tó kéré jù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ báyìí, ₦80,000 ni. Kí ẹni tó ń gba iye yẹn má jẹun o, kó má wọ ọkọ̀, kó má ra dátà, kó kàn máa kó o pamọ́: oṣù 205 ni yóò fi pé. Ọdún mẹ́tàdínlógún àti oṣù kan. Ọ̀pọ̀ tíṣà ilé ìwé aládàáni nílùú yìí ni owó wọn ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé títọ́jú owó ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí ẹ mọ ẹni tó máa san kí ni.

Ẹ wo pátákó. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì pín in sí àpò mẹ́ta. Àpò kìíní, owó tó máa tán kí ẹ tó wọ bàálù. Àpò kejì, owó tí ẹ ó máa jẹ títí owó oṣù àkọ́kọ́ fi máa wọlé. Àpò kẹta, owó àbọ̀. £1 sí ₦2,000 ni mo fi ṣírò, kó lè rọrùn lórí pátákó. Iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń wo fídíò yìí ni kí ẹ fi tún un ṣe.

Àpò kìíní ló ń pa èèyàn. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìrìnnà ní Agodi: láti oṣù Kẹsàn-án 2025, olójú-ewé 32 ti di ₦100,000, olójú-ewé 64 ti di ₦200,000. Lẹ́yìn ìyẹn, èsì yunifásítì tí ẹ ó máa sá tẹ̀ lé láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ẹ̀, TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, torí Íńgíláǹdì máa béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ wọn pé tíṣà gidi ni yín, pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Oṣù Kejì 2023 ni Íńgíláǹdì ṣílẹ̀kùn fún tíṣà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà láti béèrè QTS, ìwé àṣẹ ìkọ́ni tiwọn, tààrà. Ọ̀fẹ́ ni bíbéèrè rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀fẹ́. Tí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ yín ní Dùgbẹ̀ pé òun fẹ́ bá yín ṣe QTS, owó fọ́ọ̀mù kíkọ lẹ san yẹn. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà náà fún. NCE nìkan ò tó, wọ́n máa béèrè dìgírì.

Ẹ fi owó ọkọ̀ kún un. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí Ìlú Ọba ń béèrè, Èkó tàbí Àbújá lẹ ó ti ṣe é. Ìka títẹ̀ fún físà náà, ọ̀nà Èkó ni fún ará Ìbàdàn. Èmi o, mo fẹ́ràn rélùwéè láti Moníyà sí Agége ju kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger máa fi mí ṣẹ̀sín, àmọ́ ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ ó lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yìí, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo ya ₦750,000 sọ́tọ̀ fún un. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àlọ nìkan, ₦1,500,000, torí oṣù Kẹjọ tí tíṣà ń rìn náà ni gbogbo ayé ń rìn.

Ẹ wá wo ibi tí àpò ti ń ya. Físà Skilled Worker, ìyẹn físà ẹni tí agbanisíṣẹ́ lọ́hùn-ún ti gbà síṣẹ́, èyí tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, £769 ni wọ́n sọ ọ́ dà ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹ lè ní ìyẹn ò burú. Owó ìlera ló tẹ̀ lé e: £1,035 fún ọdún kan. Wọn ò sì ń gbà á lọ́dọọdún. Ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ó san pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, £3,105. Nọ́ọ̀sì tó ń gba físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í san án. Tíṣà ń san án. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, £3,874 ni, ìyẹn ₦7,748,000. Àpò kìíní ti fẹ́ẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá, ẹsẹ̀ yín ò sì tíì kúrò nílẹ̀. Wọ́n máa ń yí iye wọ̀nyí padà, oṣù Kẹrin ni wọ́n sì fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ fojú ara yín wò ó lórí gov.uk kí ẹ tó san.

₦7,748,000 yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Àwọn ilé ìwé kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń san án fún tíṣà tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì, àgàgà tíṣà físíìsì àti ti ìṣirò. Àwọn kan ń san díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan á yá yín, wọ́n á máa yọ ọ́ lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ò ní dá a sọ tí ẹ ò bá béèrè. Àwa náà kì í sì í béèrè, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́ kì í tún béèrè owó ọkọ̀. Kó dọ̀bálẹ̀, kó dúpẹ́ ni. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ béèrè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ ọ́ sí íméèlì: "Ṣé ilé ìwé máa san owó físà àti owó ìlera mi, àbí ẹ máa dá a padà fún mi tí mo bá dé? Lóṣù wo?" Ẹ jẹ́ kí èsì wà lákọsílẹ̀. Gbólóhùn méjì yẹn, lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ₦80,000, owó oṣù ọdún mẹ́jọ ni.

Owó kan wà tí kò tọ́ sí yín rárá: owó COS, ìwé onígbọ̀wọ́ tí agbanisíṣẹ́ máa fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án fún ìjọba, £525 láti oṣù Kẹrin 2025. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024 ni òfin sì ti kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ lórí físà yìí. Nítorí náà, ẹni tó ní kí ẹ mú mílíọ̀nù mẹ́jọ wá fún COS, tíṣà kọ́ ló ń wá, ẹni tó máa ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ló ń wá.

Ó di àpò kejì. Ẹ mọ onílé Ìbàdàn: owó ọdún kan, ọdún méjì nígbà míì, agíríméǹtì, kọmíṣọ̀n. Ti Íńgíláǹdì sàn díẹ̀ níbí yìí. Oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń san, òfin ọdún 2019 sì sọ pé owó ìdógò ilé tí owó ẹ̀ lọ́dún ò tó £50,000 ò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ajẹ́ǹtì ò sì gbọdọ̀ gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé. Ká ní ẹ rí yàrá kan nínú ilé àjùmọ̀gbé ní £600 lóṣù. Mi ò sọ Lọ́ńdọ̀nù o. Oṣù àkọ́kọ́ £600, ìdógò £692. Oúnjẹ àti ọkọ̀, £350 lóṣù fún oṣù méjì. £200 fún kóòtù, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìkòkò. Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó £2,200, ₦4,400,000. Ẹ má ra kóòtù ńlá ní Aléṣinlóyè. Ọ̀dọ̀ wọn ni òkìríkà wa ti ń wá. Ẹ lọ bá a nílé ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù aláàánú, kó tó di pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kí ló dé tí mo fi ka oṣù méjì nígbà tó jẹ́ pé ìparí oṣù àkọ́kọ́ ni tíṣà ń gbowó? Torí ẹ lè dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìwé owó oṣù dé, báńkì sì lè máa béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì tí ẹ ò tíì ní. Owó náà ń bọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, £32,916 lọ́dún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún tíṣà tó ti gba QTS níta Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ṣùgbọ́n ebi kì í ka kàlẹ́ńdà.

Inú àpò kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n ní kí £1,270 ti wà ní àkáǹtì yín fún ọjọ́ 28 gbáko, àfi tí ilé ìwé bá ti kọ ọ́ sórí COS pé àwọn á bójú tó yín lóṣù àkọ́kọ́. Owó yẹn kì í ṣe owó sísan. Tiyín ni, ẹ ó gbé e lọ, mo ti kà á mọ́ £2,200 yẹn. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ mú nínú ẹ̀ san físà. Tó bá fi náírà kan já sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n torí pé ẹ ra dátà, ẹ padà sórí oókan. Tó bá jẹ́ náírà lẹ fi tọ́jú ẹ̀, ẹ fi lé e, torí náírà lè sùn sí ibì kan kó jí síbòmíì.

Èyí ló mú mi dé orí àjọ. Mo fẹ́ràn àjọ, àjọ ló rán mi níwèé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí: oṣù Karùn-ún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí àjọ ₦3,000,000 ẹ̀ tó $6,000, kí oṣù mẹ́wàá tó pé, kò tó $2,000 mọ́, alájọ ò sì jí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí àjọ bá ti kàn yín, ẹ sọ ọ́ di pọ́n-ùn, kí ẹ fi sí àkáǹtì domiciliary. Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù náà wúlò, wọ́n á yá yín ju ohun tí ẹ dá lọ. Àmọ́ inú owó oṣù yín níbí ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Tí ẹ bá fò lọ láìsan án tán, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ yín tó ṣe onídùúró ni wọ́n máa yọ ọ́ lára wọn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń kọ́ praimárì kejì á máa san físà yín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ kan dání: físà àti owó ìlera nìkan, £10,845 fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún náírà. Èmi máa ní kí ẹnì kan ṣáájú. Ó le, mo mọ̀.

Dùbáí àti àwọn ìlú Lárúbáwá yòókù yàtọ̀. Ilé ìwé ló sábà máa ń san físà àti bàálù níbẹ̀, òfin iṣẹ́ wọn ò sì gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti kó owó ìgbanisíṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lórí. Ìnáwó tiyín ni láti gbé dìgírì lọ sí Àbújá fún òǹtẹ̀. Ẹ kàn béèrè bóyá ilé ni wọ́n máa fún yín tàbí owó ilé, torí sọ̀wédowó olóṣù púpọ̀ ni onílé Dùbáí ń gbà, tíyẹn ò sì ní dúró de owó oṣù.

Ẹ sì ṣọ́ra fún fídíò òyìnbó tó ní $2,000 ti tó. Kòríà ló máa ń sọ. Físà tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, orílẹ̀-èdè méje ló wà fún. South Africa nìkan ló wọ̀ ọ́ láti Áfíríkà. Páálí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti tiyín kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó ku àpò kẹta, ₦2,000,000. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, àti oúnjẹ oṣù kan bí ẹ bá padà sí Ìbàdàn láìròtẹ́lẹ̀: ilé ìwé lè pa yín tì, ara lè má gba òtútù. Ẹ má gbé e lọ, ẹ má sì fi síbi tí fóònù yín ti lè fà á. Ẹ má fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, torí símẹ́ǹtì kì í gbọ́ àlàyé. Tèmi, ọwọ́ ìyá mi ní Òkè-Àdó ló wà. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n mú ₦50,000 fún mi níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ti ń padà bọ̀ ni?" Mo ní rárá. Wọ́n pa fóònù.